ÀMÌ ẸGBẸ́ LÓRÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ: IRÚ FÁÌLÌ WO LÓ YẸ KÍ Á FI PA Á MỌ́?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ti kó ìtìjú bá ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, àwa tí a ń kọ ọ́ yìí kò sì yọ ara wa sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ lógò ni, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí ẹgbẹ́ tàbí ilé-ìwé máa ń gbé sí òkè ìkànnì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a bá ilé kéwú kan ṣe ìkànnì nígbà tí wòlímọ̀ àwọn ọmọ wọn ń bọ̀ lọ́nà. Àwọ̀ ewé ni wọ́n fẹ́ kí òkè ìkànnì náà jẹ́. Wọ́n fi àmì wọn ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, a gbé e síbi tó yẹ, a sì pe àwọn àgbà kí wọ́n wá wò ó. Bàbá kan tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n ní: "Ta ló lẹ bébà funfun mọ́ àmì wa lẹ́yìn?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni bàbá sọ. Àmì tó yẹ kó rí roboto jókòó sínú àpótí funfun oníga mẹ́rin, etí àwọn lẹ́tà Lárúbáwá inú rẹ̀ sì ṣe bàìbàì bí ẹni pé omi ta sí tàdáwà. Nígbà tí a béèrè fún ojúlówó fáìlì, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ẹni tó yà á ti bàjẹ́ tipẹ́, kò sì sí ẹni tó ní ẹ̀dà mìíràn. Èyí tó wà lórí fóònù yẹn nìkan ló kù.

Ibẹ̀ ni a ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ yín lónìí. Ẹ̀kọ́ náà kò ju gbólóhùn méjì lọ. Irú àwòrán tí a ní lọ́wọ́ ló ń sọ irú fáìlì tó yẹ ẹ́. Ohun tí fáìlì kan bá sì ti dànù, fáìlì mìíràn kò lè dá a padà. Ẹ jẹ́ kí á tú u palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ỌNÀ MÉJÌ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ FI Ń PA ÀWÒRÁN MỌ́

Ọ̀nà kìíní dà bí iṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà sára báàgì máa ń to ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Bí a bá dúró lókèèrè, ẹyẹ tàbí òdòdó ni a ó rí. Bí a bá súnmọ́ ọn, ìlẹ̀kẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán púpọ̀ ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà, píkísẹ́lì sì ni orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀. Àwòrán tó fẹ̀ ní 1000 píkísẹ́lì, tó sì ga ní 1000, ní ìlẹ̀kẹ̀ 1,000,000 nínú. Àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń gba báìtì 3, nítorí náà 3,000,000 báìtì ni àwòrán náà kí a tó dì í kó kéré. Bí a bá fi ipá fẹ irú àwòrán yìí lójú, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ tuntun tó máa wá látibì kankan. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ni yóò máa tóbi sí i, tí etí àwòrán yóò fi rí gbágungbàgun.

Ọ̀nà kejì dà bí ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kéwú fi ń kọ́ ọmọ ní álífù. Olùkọ́ kì í ka iye ibi tí tàdáwà kàn lára wàláà. Ohun tó ń sọ ni pé: "Gbé kálámù sókè, fà á wálẹ̀ tààrà, dúró." Ọmọ lè kọ ọ́ sára wàláà kékeré, ó sì lè fi ẹfun kọ ọ́ sára ògiri mọ́ṣáláṣí, ìlànà kan náà ni, álífù kan náà ni. Fáìlì tó bá ń pa ìlànà mọ́ dípò ìlẹ̀kẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ kékeré tàbí ńlá. Ìgbàkígbà tí a bá ṣí i ni kọ̀ǹpútà máa ń tún un yà, ní ìwọ̀n tí a bá béèrè.

OHUN MÉJÌ TÍ LÓGÒ Ń FẸ́

Èkínní ni kí etí rẹ̀ mú kedere. Èkejì ni kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo bíi gíláàsì, kí àwọ̀ ìkànnì máa hàn láti ẹ̀yìn rẹ̀, yálà ewé ni o, yálà funfun tàbí dúdú.

Ohun méjèèjì yìí so mọ́ ara wọn ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Oníga mẹ́rin ni píkísẹ́lì. Nígbà tí a bá fẹ́ fi ohun oníga mẹ́rin to òbìrí, etí rẹ̀ yóò dà bí àtẹ̀gùn ilé. Kí ojú má baà rí àtẹ̀gùn yìí, kọ̀ǹpútà máa ń fi àwọ̀ fífẹ́rẹ́ sí etí, ìyẹn ìlẹ̀kẹ̀ tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ lógò, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀yìn. Nítorí náà, fáìlì tó bá fẹ́ gbé ẹ̀yìn ṣófo dáadáa kò gbọdọ̀ mọ "ó ṣófo" àti "kò ṣófo" nìkan. Ó gbọ́dọ̀ lè sọ bí ó ti ṣófo tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni a ó fi wọn àwọn fáìlì tó ń bọ̀ yìí wò.

ÀWỌN FÁÌLÌ NÁÀ NÍ Ọ̀KỌ̀Ọ̀KAN

1. JPEG. Èyí ni ó pọ̀ jù lọ lórí fóònù wa. Ọdún 1992 ni a fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀. Ìṣirò tó gbé e ró wá láti ọwọ́ Nasir Ahmed, onímọ̀ ẹ̀rọ tí a bí ní Íńdíà tó sì ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Òun àti àwọn méjì mìíràn tẹ ìṣirò náà jáde ní ọdún 1974. JPEG máa ń pín àwòrán sí oníga kéékèèké, píkísẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òró, yóò wá yọ ohun tí ojú ènìyàn kì í tètè rí kúrò. Fún fọ́tò ojú ènìyàn, igi àti òfuurufú, iṣẹ́ ńlá ni, nítorí fáìlì yóò kéré gan-an, ojú kò sì ní mọ̀. Ṣùgbọ́n lógò kì í ṣe òfuurufú. Níbi tí lẹ́tà dúdú ti pàdé ẹ̀yìn funfun lójijì, ohun tí JPEG yọ kúrò máa ń hàn bí ìdọ̀tí tó ń gbọ̀n yí lẹ́tà ká. Yàtọ̀ sí èyí, JPEG kò mọ ẹ̀yìn ṣófo rárá. Ibi tó bá yẹ kó ṣófo, yóò fi àwọ̀ dí i, funfun ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àpótí tí bàbá rí nìyẹn. Bí a bá sì ń ṣí i, tí a ń ṣe àtúnṣe sí i, tí a tún ń pa á mọ́, yóò máa dín sí i ni.

2. GIF. Ilé-iṣẹ́ CompuServe ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní ọdún 1987. Kì í ba etí lẹ́tà jẹ́, ó sì lè mú kí àwòrán máa rìn, ṣùgbọ́n àwọ̀ 256 péré ni àwòrán rẹ̀ kan lè ní. Ó mọ ẹ̀yìn ṣófo, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni tirẹ̀: ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣófo pátápátá tàbí kó kún pátápátá. Nítorí náà etí òbìrí yóò rí bí àtẹ̀gùn, tàbí kí òrùka funfun tínínrín yí i ká nígbà tí a bá gbé e sórí àwọ̀ mìíràn. Fún lógò lónìí, a kò nílò rẹ̀ mọ́.

3. PNG. Ìjà owó ló bí èyí. Ní ìparí ọdún 1994 ni a kéde pé àwọn tó ń ṣe ohun èlò kọ̀ǹpútà tó ń lo GIF gbọ́dọ̀ máa san owó fún Unisys, tó ní ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n ìdìpọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1995, Thomas Boutell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìlànà tuntun tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan kọ́bọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, àjọ W3C tó ń gbé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ fọwọ́ sí i. PNG máa ń di àwòrán kó kéré láìju ohunkóhun nù. Bí a bá tú u, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ pé. Ó sì ní ìpele 256 fún ṣíṣófo, láti 0 tó ṣófo pátápátá dé 255 tó kún pátápátá. Òun ló fi ń bá àwọ̀ ẹ̀yìn rẹ́ láìsí òrùka. Nígbà kan, Internet Explorer 6 ti ọdún 2001 kò lè fi ìpele wọ̀nyí hàn bó ṣe yẹ. Ọdún 2006 ni Internet Explorer 7 tó ṣe àtúnṣe, a kò sì bá irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ pàdé lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ìlẹ̀kẹ̀ ni PNG náà. Nígbà tí iPhone 4 jáde ní ọdún 2010, ojú rẹ̀ kò fẹ̀ ju ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n píkísẹ́lì 640 sí 960 ló wà níbẹ̀ dípò 320 sí 480. Ìlọ́po méjì ní ìbú, ìlọ́po méjì ní òró. Láti ìgbà náà, lógò tó bá máa hàn ní ìbú 200 lójú ìkànnì gbọ́dọ̀ ní píkísẹ́lì 400 nínú, kódà 600 fún àwọn fóònù tó jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bàìbàì ni yóò ṣe.

4. SVG. Èyí ni fáìlì tó ń pa ìlànà mọ́ bí olùkọ́ álífù wa. W3C fọwọ́ sí i ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001. Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú rẹ̀, ẹ lè fi ohun èlò ìkọ̀wé inú kọ̀ǹpútà ṣí i kí ẹ sì kà á: "òbìrí kan, àárín rẹ̀ wà níbí, ó fẹ̀ tó báyìí, àwọ̀ rẹ̀ ni ewé." Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo láti ìbẹ̀rẹ̀ àyàfi bí a bá kun ún. Etí rẹ̀ mú lórí fóònù kékeré, ó sì mú lára pátákó ojú títì. Fún lógò tó jẹ́ ìlà, ìrísí àti lẹ́tà, fáìlì rẹ̀ sábà máa ń kéré ju PNG lọ, èyí sì jẹ́ àǹfààní fún ẹni tó ń fi dátà táṣẹ́rẹ́ ṣí ìkànnì wa.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun mẹ́ta nínú SVG. Ọ̀kan ni lẹ́tà. Bí a bá fi orúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀, irú lẹ́tà tó wà lórí ẹ̀rọ ẹni tó ń wò ó ni yóò fi hàn án. Bí ẹ̀rọ náà kò bá ní irú lẹ́tà tiwa, orúkọ wa yóò yí ìrísí padà. Àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lè kúrò ní ipò rẹ̀, ìkọ̀wé Lárúbáwá tí a fara balẹ̀ yàn sì lè di èyí tí a kò mọ̀ rí. Oògùn rẹ̀ ni kí a sọ lẹ́tà di ìlà kí a tó gbé e jáde. Nínú Inkscape, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ yan lẹ́tà náà, kí ẹ lọ sí Path, kí ẹ tẹ Object to Path. Ohun kejì ni pé WordPress kì í gba SVG wọlé láìjẹ́ pé a ṣe ètò fún un, nítorí pé ènìyàn búburú lè fi àṣẹ kọ̀ǹpútà pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ má ṣe gba SVG lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ohun kẹta ni pé ọ̀pọ̀ ohun èlò i-méèlì kì í fi SVG hàn, nítorí náà ẹ ní PNG sí ẹ̀gbẹ́.

5. WebP. Google kéde rẹ̀ ní ọdún 2010. Ó lè ṣe bíi JPEG, ó lè ṣe bíi PNG, ó sì mọ ẹ̀yìn ṣófo ní ìpele. Ó sábà máa ń fúyẹ́ ju PNG lọ. Safari ti Apple kò gbà á títí di ọdún 2020, ṣùgbọ́n àwọn bùráwúsà ìsinsìnyí gbà á. Ó dára fún lógò tó ní àwọ̀ púpọ̀ tí SVG kò lè yà ní ìrọ̀rùn.

BÍ A Ó ṢE YÀN

Ẹ béèrè ìbéèrè yìí kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun: kí ni lógò wa jẹ́? Bí ó bá jẹ́ ìlà, ìrísí àti lẹ́tà, SVG ni kí ẹ gbé sí ìkànnì. Bí ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí kò bá gba SVG, ẹ gbé PNG jáde láti inú SVG náà, ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ìbú tí yóò fi hàn. Bí ó bá ní àwọ̀ tó ń yọ́ wọnú ara wọn lọ́nà tó díjú, PNG tàbí WebP ni. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò àwọn ọmọ níbi wòlímọ̀, a kì í ṣe lógò mọ́, JPEG tàbí WebP ló tọ́ sí i, PNG yóò wúwo lásán.

Ohun kan tún kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo fóònù wọn ní ojú dúdú báyìí. Lógò onílẹ́tà dúdú tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo yóò pòórá sínú òkùnkùn náà. Ẹ ṣe ẹ̀dà kejì onílẹ́tà funfun, kí ẹ sì dán méjèèjì wò kí ẹ tó pe àwọn àgbà.

ÀṢÌṢE MẸ́RIN TÓ WỌ́PỌ̀

Àkọ́kọ́, yíyí orúkọ padà. Ẹni tó pa "jpg" rẹ́ níparí orúkọ fáìlì tó sì kọ "png" síbẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Aṣọ ni ó pààrọ̀, ènìyàn inú rẹ̀ kò yí padà. Kódà bí a bá ṣí JPEG tí a sì fi ohun èlò tòótọ́ sọ ọ́ di PNG, àpótí funfun àti ìdọ̀tí etí lẹ́tà ni a ó pa mọ́ ní pípé.

Èkejì, àpótí kéékèèké funfun àti eérú. Inú ohun èlò àwòrán, àpótí wọ̀nyí ni a fi ń sọ pé ibẹ̀ ṣófo. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwòrán tí a ń rí kó lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló jẹ́ pé wọ́n kun àpótí náà sí i gan-an ni. Ẹ gbé e sórí àwọ̀ pupa kí ẹ wò ó. Bí àpótí bá ṣì ń hàn, ẹ̀tàn ni.

Ẹ̀kẹta, fífi fọ́tò sínú SVG. Bí a bá kó JPEG sínú SVG, ìlẹ̀kẹ̀ ṣì ni. Kò di ìlànà.

Ẹ̀kẹrin, fífi lógò ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ohun èlò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ máa ń sọ fọ́tò di JPEG kékeré kí ó tó rìn. Ibi tí ti ilé kéwú wa ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ yan Document, kì í ṣe Photo, fáìlì yóò sì dé bó ṣe rí.

ÌYÁ FÁÌLÌ

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán tí a bá ti jù nǹkan nù lára rẹ̀. Nítorí náà, kí gbogbo ẹgbẹ́ ní ohun tí àwa ń pè ní ìyá fáìlì: SVG kan, tàbí fáìlì tí ayàwòrán fi ṣiṣẹ́ gan-an, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Láti ara rẹ̀ ni a ó ti máa bí PNG, WebP àti gbogbo ọmọ yòókù. Bí ọmọ bá sọnù, ìyá yóò bí òmíràn. Bí ìyá bá sọnù, kò sí ọmọ tó lè bí ìyá.

Kí ó wà ní ibi mẹ́ta ó kéré jù: kọ̀ǹpútà akọ̀wé, fláàṣì tí alága fi pamọ́, àti àpótí i-méèlì ẹgbẹ́. Kí orúkọ ibi tó wà sì wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí akọ̀wé tuntun lè bá a. Àmáánà ni. Ẹni tí a fi àmì ẹgbẹ́ lé lọ́wọ́, orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ ló gbà pamọ́.

Ní ti ilé kéwú wa, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. A wá ìwé lẹ́tà wọn àtijọ́ tí àmì náà tóbi lára rẹ̀ jáde, a gbé e sábẹ́ Inkscape, a sì tún gbogbo ìlà yà pẹ̀lú ọwọ́. Ìrọ̀lẹ́ púpọ̀ ló bá a lọ. Nígbà tí a rò pé a ti parí, ọmọbìnrin kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, àmì abẹ́ ẹ kan ti sọnù nínú orúkọ wa." Ó tọ̀nà. A fi í sí i. Lọ́jọ́ wòlímọ̀, bàbá yẹn tún wò ó, wọn kò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn mi orí. Fáìlì náà sì wà ní ibi mẹ́ta lónìí.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀTÚNYẸ̀WÒ

1. Kí ló dé tí JPEG fi yẹ fọ́tò tí kò sì yẹ lógò? Ẹ sọ ìdí méjì.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀yìn ṣófo ti GIF àti ti PNG?
3. Lógò kan yóò hàn ní ìbú 150 lójú ìkànnì. Píkísẹ́lì mélòó ló yẹ kí PNG rẹ̀ ní fún fóònù ìlọ́po méjì? Fún ìlọ́po mẹ́ta ńkọ́?
4. Níbo ni ìyá fáìlì lógò ẹgbẹ́ tiyín wà lónìí yìí, ta ló sì mọ̀?

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ dáhùn ní ìpàdé yín tó ń bọ̀. A ó pàdé lóṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.